Ìtọ̀ Tó Ń Hó: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Lupus Kan

Oṣù 14 ni obìnrin ẹni ọdún 27 kan fi ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn mẹ́rin kó tó mọ orúkọ àìsàn tó ń bá a jà. Kìló 60 ló wọ̀n, kò sì ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn oníṣègùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí aláìmọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbé wá síwájú oníkálukú ló wò, ó sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe mọ̀. Ẹni tí yóò kó àwọn àmì náà jọ sójú kan ni kò sí, títí di ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ní kó lọ tọ̀ sínú ike.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó o. Bí lupus, àìsàn tí ọmọ ogun ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, ṣe sábà máa ń rìn la tẹ̀ lé tí a fi kó ìtàn rẹ̀ jọ, kí ẹni tó ń kà á lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ àti ìdí tó fi ń wọ́.

Oṣù kìíní sí oṣù kọkànlá

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á le gbagidi, kò ní lè ṣí ìdérí ìgò omi. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 45 kí wọ́n tó rọ̀. Dókítà àkọ́kọ́ fura sí làkúrègbé, ó ní kí wọ́n wá rheumatoid factor, ìyẹn àmì tí irú làkúrègbé kan sábà ń fi sínú ẹ̀jẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn ò rí i. Wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́, kò sí ibi tó jẹ. Wọ́n wá fún un ní ibuprofen 400 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ara tù ú, ó sì ń lò ó nìṣó fún oṣù púpọ̀.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn dúró wò. Èkíní, lupus kì í sábà jẹ egungun bíi ti làkúrègbé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid. Oríkèé lè wú, kó dunni wọra, síbẹ̀ kí fọ́tò mọ́ tónítóní. Fọ́tò tó mọ́ kò wá túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Èkejì, ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù. Fún ẹni tí ara rẹ̀ yá, ọjọ́ mélòó kan kì í sábà ṣe nǹkan kan. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń gbiná láìmọ̀, ẹrù lórí ẹrù ni.

Ní oṣù kẹrin, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń já, gbogbo orí ló ń fẹ́lẹ́ sí i, pàápàá níwájú. Ó tún ń rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ tí oorun wákàtí 10 kò lè mú kúrò. Oníṣègùn kejì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ tó, ó kọ oògùn iron fún un. Nínú èsì kan náà, sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 3,400, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó tó ni 4,000 ó kéré tán. Àmì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ọjọ́ kan tó fi gbogbo ọ̀sán wà nínú oòrùn, ojú rẹ̀ yọ nǹkan. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó kọjá lórí imú, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Oníṣègùn awọ pè é ní ara tó kọ ìpara kan, ó fún un ní ìpara sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pa iná inú ara. Ojú mọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìpara náà ṣe nu àmì kúrò lójú ló ṣe nù ún kúrò níwájú dókítà tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú náà dáadáa, nítorí ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í mú jù. Àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa lupus ni ti aláwọ̀ funfun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì ní ó dà bíi labalábá tó na ìyẹ́. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ó lè dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, ó lè ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀, ó lè gbẹ kó sì máa hó bí ìpẹ́. Ibi tó yẹ kéèyàn wò ni ìlà tó wọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú dé igun ẹnu. Nǹkan tí lupus ń yọ sójú sábà máa ń fo ìlà yẹn, á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àrùn awọ mìíràn kì í fò ó. Ti obìnrin yìí fò ó. Ó tún ní egbò méjì ní àjà ẹnu, tí kò dùn ún, tí òun gan-an kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé tọ́ọ̀ṣì, tí kò sì ní kéèyàn lanu kó gbé orí sẹ́yìn, kò ní rí irú egbò bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ ìtọ̀

Ní oṣù kẹrìnlá, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bàtà kò wọlé mọ́ nírọ̀lẹ́, bó bá sì fi ìka tẹ ojúgun, kòtò á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Oníṣègùn kẹrin rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 148/94, èyí tó ya ẹni ọdún 27 lẹ́nu. Wọ́n bèèrè bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ó ń hó bí omi ọṣẹ, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò rò pé ó tó nǹkan tí èèyàn ń sọ fún dókítà.

Ọ̀pá ìtọ̀ kò ṣòro lò. Pẹlẹbẹ ike tín-ín-rín ni, tí wọ́n lẹ àwọn onírúurú àwọ̀ mọ́. Wọ́n á tì í bọ inú ìtọ̀ tuntun, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á gbọn èyí tó kù lára rẹ̀ dànù, wọ́n á wá dúró fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó fi wé àwọ̀ tó wà lára agolo rẹ̀. Ojú tó ń wá purotéènì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Bí purotéènì bá wà, á di àwọ̀ ewé. Ti obìnrin yìí di àwọ̀ ewé kíkí, +++, ojú tó ń wá ẹ̀jẹ̀ náà sì yí padà. Mẹ́ta rèé lára ohun tó máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́: kéèyàn ṣe é nígbà tó ń rí nǹkan oṣù, kí agolo ti wà ní ṣíṣí kí ọ̀rinrin wọ inú rẹ̀, àti kéèyàn máa kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kí ló dé tí purotéènì fi ń bọ́ sínú ìtọ̀? Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ kéékèèké tó tó bíi mílíọ̀nù 1. Iṣẹ́ asẹ́ náà ni pé kó jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí jáde, kó sì dá purotéènì àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dúró. Nínú lupus, ara máa ń rọ antibody, ìyẹn ohun ìjà tó yẹ kó fi pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n ó ń kọjú rẹ̀ sí ohun tó wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì ara fúnra rẹ̀, títí kan DNA. Antibody yìí àti ohun tó dì mú á so pọ̀, wọ́n á lọ há sínú asẹ́, ara á tún máa bá wọn jà níbẹ̀. Asẹ́ á lu. Purotéènì tó ń jò ló ń mú kí ìtọ̀ máa hó, àìtó rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí omi rọ́ sẹ́sẹ̀. Nínú ẹni 10 tó ní lupus, bí 4 ni kíndìnrín wọn máa ń fara gbá, bẹ́ẹ̀ kì í dunni rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní oríkèé tó ń wú, irun tó ń fẹ́lẹ́ àti ojú tó yọ nǹkan, kí wọ́n má jẹ́ kó lọ sílé láìtọ̀.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Sẹ́ẹ̀lì funfun 3,100. ESR 88, CRP 4. Àwọn méjèèjì yìí, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ara ṣe ń gbiná, máa ń ga pọ̀ bí kòkòrò àrùn bá wọ ara. Bí ESR bá fò sókè tí CRP sì jókòó jẹ́ẹ́, lupus wà lára ohun tó yẹ kéèyàn fura sí. ANA, ìyẹn antibody tó ń kọjú sí àárín sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ 1:640: wọ́n là á nígbà 640, ó ṣì hàn. Anti-dsDNA, èyí tó ń kọjú sí DNA, wà níbẹ̀, C3 àti C4, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń jà, lọ sílẹ̀, nítorí pé ara ń ná wọn bí ìjà náà ṣe ń lọ. Anti-Ro, antibody mìíràn, wà níbẹ̀. Kò sí antibody tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Purotéènì inú ìtọ̀ jẹ́ gíráàmù 3.2 lójúmọ́, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí kíndìnrín kò bá sẹ́ ẹ dáadáa, sì jẹ́ 1.3.

ANA nìkan kì í ṣe lupus. Nínú ẹni 100 tí ara wọn dá ṣáṣá, bíi 13 ló máa ní ANA 1:80. Ẹni tó kàn ń sùn tó ń jí, tí wọ́n wá fi ìwé ANA hàn án pé ó ní lupus, ìbẹ̀rù ọ̀fẹ́ ni wọ́n dá sí i lára. ANA kàn ń ṣílẹ̀kùn ni. Bí kò bá sí, lupus kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé rò. Bó bá wà, ó yẹ kéèyàn wá ohun mìíràn kún un.

Àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn oríkèé ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 2019. Nítorí ìwádìí ni wọ́n ṣe ṣe é, kì í ṣe pé dókítà gbọ́dọ̀ dúró dè é kó tó tọ́jú èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ká rí bí àmì ṣe ń wúwo sí. Máàkì 10 ló ń fẹ́, lẹ́yìn tí ANA bá ti tó 1:80. Ti obìnrin yìí rèé: oríkèé 6, ojú 6, sẹ́ẹ̀lì funfun 3, purotéènì 4, C3 àti C4 tó jọ lọ sílẹ̀ 4, anti-dsDNA 6. Gbogbo rẹ̀ di 29. Irun àti egbò ẹnu ní máàkì 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n agbo kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú ojú, èyí tó pọ̀ jù nínú agbo ni wọ́n sì ń kà, nítorí náà wọn ò fi kún un. Ara rẹ̀ máa ń gbóná dé 37.8 lálẹ́, ìyẹn náà kò wọlé, torí ó yẹ kó kọjá 38.3.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé lóṣù kẹjọ, ojú 6, oríkèé 6 àti sẹ́ẹ̀lì funfun 3 ti wà nílẹ̀ ná. Ó ti di 15. Inú ìwé mẹ́ta ní ibi mẹ́ta ni wọ́n wà.

Wọ́n gún kíndìnrín fún un, ìyẹn ni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ẹran tín-ín-rín jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀ ná, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ojú abẹ́rẹ́ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Class IV ni wọ́n rí, ìyẹn oríṣi kẹrin nínú bí lupus ṣe ń mú kíndìnrín: ó ju ìdajì asẹ́ lọ tó ti ń gbiná. Máàkì 10 nìyẹn dípò 4, àpapọ̀ sì di 35. Kì í ṣe nítorí máàkì ni wọ́n ṣe gún un. Oríṣi tó bá jẹ́ ló ń sọ oògùn tí wọ́n máa lò, nítorí oògùn class II àti ti class IV kì í ṣe ọ̀kan náà.

Oògùn

Wọ́n dá ibuprofen dúró lọ́jọ́ náà. Wọ́n fa methylprednisolone, sìtẹ́rọ́ìdì kan, 500 mílígíráàmù sí i níṣàn fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà prednisolone, sìtẹ́rọ́ìdì oníkóró, 30 mílígíráàmù lárààárọ̀, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lé e dé ni 5 sísàlẹ̀, torí ohun tí sìtẹ́rọ́ìdì ń bà jẹ́ lára bó bá pẹ́ ní ìwọ̀n gíga, egungun, ojú, ìṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe kékeré.

Mycophenolate ló ń pa iná kíndìnrín gan-an: 500 mílígíráàmù ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí inú má bàa dà rú, lẹ́yìn náà gíráàmù 1 ẹ̀ẹ̀mejì. Kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lóyún. Oògùn yìí ń ba ọmọ inú jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí obìnrin tó gbìyànjú oyún. Bákan náà ni lisinopril tí wọ́n fún un láti dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti purotéènì kù kò bá oyún rẹ́. Ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí tí kò ní estrogen nínú ni wọ́n yàn fún un.

Hydroxychloroquine ni èyí tí gbogbo ẹni tó ní lupus ń lò, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 lórí kìló kan lójúmọ́ lọ. Kìló 60 lọ́nà 5 jẹ́ 300. Kóró rẹ̀ sì rèé, 200 ni, nítorí náà kóró 1 lónìí, kóró 2 lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yí i. Bí ó bá ju ìwọ̀n yìí lọ fún ọdún pípẹ́, ó lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́. Wọ́n ní kó lọ yẹ ojú wò ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa ṣe é lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kì í yá kó tó ṣiṣẹ́, oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ìpara tó ń dènà oòrùn, SPF 50, náà wà lára oògùn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa sẹ́ẹ̀lì awọ, ohun àárín wọn á tú síta, antibody á sì rí ohun tó ń wá. Iná tó bẹ̀rẹ̀ lójú lè ran dé kíndìnrín. Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì méjì ni kí wọ́n tún un pa bí wọ́n bá wà níta, pẹ̀lú aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti fìlà tó fẹ̀. Aláwọ̀ dúdú náà nílò rẹ̀.

Oṣù karùn-ún ìtọ́jú

Ní oṣù kẹta ìtọ́jú, purotéènì ti wá sí gíráàmù 2.1. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ó fi ìdá mẹ́rin dín kù ó kéré tán. Ó tilẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ti fà, irun ti ń hù. Ojú rẹ̀ sì ti di rìbìtì nítorí sìtẹ́rọ́ìdì, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ sí i létí.

Ní oṣù karùn-ún, ó ka ìwé inú páálí hydroxychloroquine, ó rí i pé oògùn ibà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó rò pé àṣìṣe ni wọ́n fi fún òun. Bí ó ti ń kó èyí sílẹ̀ náà ló kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí ara ti yá. Lọ́jọ́ kẹrin, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, ó ń bì, kò lè jẹun. Prednisolone 7.5 mílígíráàmù tó ń lò ti jẹ́ kí ẹṣẹ́ (gland) tó wà lórí kíndìnrín, tó máa ń ṣe irú sìtẹ́rọ́ìdì kan fún ara, gbàgbé bó ṣe ń ṣe ti ara rẹ̀. Bí wọ́n bá já a gbà lójijì, ẹ̀jẹ̀ ríru lè wálẹ̀ débi tí èèyàn á dákú. Wọ́n dá a padà sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní sìtẹ́rọ́ìdì níṣàn, ó sì bọ́. Ní oṣù kẹfà, purotéènì ti fò padà sí 2.8, nígbà tó yẹ kó ti wà ní 1.6 sísàlẹ̀.

Ẹjọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í, kó sọ pé òótọ́ ni pé nítorí ibà ni wọ́n ṣe ṣe oògùn yìí, pé ó tún ń tu ọmọ ogun ara nínú, àti pé bí iná bá kú, oògùn ló pa á, kì í ṣe pé igi ti tán. Gbólóhùn mẹ́ta ni. Wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn tó gbọdọ̀ mọ̀: bí ara bá gbóná tó 38, kó má dúró di ọjọ́ kejì, nítorí oògùn tó ń tu ara nínú náà ni kì í jẹ́ kí ara lè lé kòkòrò àrùn, kó sọ fún oníṣègùn eyín àti ti ìtọ́jú gbogbo pé òun ń lo sìtẹ́rọ́ìdì, kó má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní kòkòrò alààyè nínú, kó má sì lo ibuprofen mọ́, bó ti wù kó rí.

Ohun tí wọ́n máa ń bi í

Lupus kì í ràn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ṣe HIV, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ara wà nínú méjèèjì. Nínú HIV, ọmọ ogun ara kò tó; nínú lupus, ojú wọn fọ́ sí ẹni tó yẹ kí wọ́n bá jà. Nínú ẹni 10 tó ní in, 9 ni obìnrin, ó sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 15 sí 44. Ó lè wà nínú ìdílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn ní in ni kì í ní in.

Ó bèèrè bóyá òun lè lóyún. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí kíndìnrín ti sinmi fún oṣù mẹ́fà ná, kí wọ́n sì fi azathioprine rọ́pò mycophenolate. Nítorí anti-Ro tó ní, bí 1 sí 2 nínú ọmọ 100 lè ní ọkàn tí kì í lù déédéé láti inú, nítorí náà wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wo ọkàn ọmọ náà. Hydroxychloroquine ń dín ewu yẹn kù. Kò gbọdọ̀ dá a dúró nígbà oyún.

Láti 2004 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún (May) sọ́tọ̀ fún lupus lágbàáyé. Aṣọ àlùkò tí wọ́n máa ń wọ̀ fún un dára, ṣùgbọ́n bí a bá máa fi ohun kan hàn àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà, ó sàn ká gbé fọ́tò ojú aláwọ̀ dúdú tó yọ nǹkan, tí ìlà ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ mọ́, síta ju labalábá pupa lọ. Ká sì gbé ọ̀pá ìtọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ìtọ́jú obìnrin náà, purotéènì jẹ́ 0.9. Ní oṣù kẹrìndínlógún, ó di 0.5, creatinine 0.9, ẹ̀jẹ̀ ríru 122/78. Prednisolone ti di 5 mílígíráàmù. Mycophenolate ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa wà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Agolo ọ̀pá ìtọ̀ wà nílé rẹ̀ báyìí. Bó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù, tí kì í bá ṣe àsìkò nǹkan oṣù, á ti ọ̀pá kan bọ inú ìtọ̀ àárọ̀, á wo aago fún ìṣẹ́jú kan, á kọ àwọ̀ tó rí sínú ìwé kékeré kan. Bí ó bá di ++ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kò ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.